Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Orin Sábẹ́ Fídíò Okòwò

Fídíò ni mo ń tò fún àwọn oníṣòwò, ohun tí ó sì ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn náwó rẹpẹtẹ sórí kámẹ́rà àti iná, kí ó wá sáré fi orin tí ó rí he ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Èkínní, ẹ má ṣe yan orin nítorí pé ẹ̀yin fẹ́ràn rẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe fi orin tí a ń fi ẹnu kọ sábẹ́ ẹni tí ń ṣàlàyé ọjà, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì kì í wọ etí kan náà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ lórí orin, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. “Mo ra orin náà,” ni wọ́n máa ń wí fún mi. Àṣẹ láti gbọ́ ọ ni ẹ rà! Ẹni tí ó ni orin lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò sì yọ̀ǹda kí ẹ tó lè so ó mọ́ àwòrán. Kò sí òfin kankan tí ó ní kí ẹ lo ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ orúkọ olórin sísàlẹ̀ fídíò kì í ṣe ìyọ̀ǹda. “Royalty-free” pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé, bí ẹ bá ti san owó àṣẹ, ẹ kò ní máa san òmíràn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lo orin náà. Bí ẹ bá sì rí NC (NonCommercial) lára àṣẹ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí oníṣẹ́ ọnà fi ń jẹ́ kí aráyé lo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀, nítorí pé kò gba òwò láàyè.

Bí mo ti ń pariwo tó yìí, èmi náà ti jìn sí kòtò náà rí. Mo fi orin Beethoven sábẹ́ fídíò oníbàárà kan, mo ní ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1827 kò ní dìde wá pè mí lẹ́jọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Content ID, ètò tí YouTube fi ń dá orin olórin mọ̀ nínú fídíò, ti mú un: orin ti di ti gbogbo ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lù ú sílẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n sì ni ohùn wọn. Ọ̀fẹ́ ni mo fi tún fídíò náà tò.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí orin bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo máa ń fa orin wálẹ̀ tó 15 sí 20 dB (decibel, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) sísàlẹ̀ ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀, mo sì máa ń dín in kù díẹ̀ láàárín 1,000 sí 4,000 Hz (hertz, ìwọ̀n bí ohùn ṣe tínrín tàbí nípọn tó), níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń já gaara. Lẹ́yìn náà, fóònù ni mo fi ń dán an wò, kì í ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tí ń pọ́n ènìyàn lé.

Ìwé àṣẹ orin kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Inú fódà fídíò rẹ̀ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí báyìí, nítorí pé ẹ̀sùn lè dé lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí ẹni tí ó sanwó kò rántí ímeèlì tí ó fi rà á mọ́.