Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Sáré fún Ilé-Ìwé Rẹ̀, Kí Ó sì Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ fún Ẹranko

Nígbà tí mo wà ní SS 2, èmi ni ẹni kẹta nínú àwa mẹ́rin tí a ń sá eré rìléè 4×100 fún Yẹ́lò Háòsì ní ilé-ìwé wa ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tí à ń múra íńtà-háòsì gan-an ni àwọn dókítà ẹranko wá sí àdúgbò wa láti fún ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, tí wọ́n sì ní kí ọ̀dọ́ tí ó bá lè ran àwọn lọ́wọ́ jáde wá. Mo fẹ́ ṣe méjèèjì, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo pa ìdánrawò ọjọ́ méjì jẹ láìsọ fún olùkọ́ eré ìdárayá, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ajá tèmi ti aṣọ eré ìje, ajá kan gbó mọ́ mi, mo sì ṣe ohun tí ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ: mo sáré. N kò tíì sá kọjá ilé méjì tí ajá náà fi gbá etí ṣòkòtò mi mú. Ọlọ́run ló yọ mí, eyín rẹ̀ kò kan ara.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ méjèèjì ṣeé pa pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pa wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò gbé láti orí pápá lọ sọ́dọ̀ ẹranko àti ohun tí yóò fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ni mo kọ èyí fún, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń yọ yín lẹ́nu pé òun fẹ́ lọ bá wọn tọ́jú ajá.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́dọ̀ wa, sáà kejì, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ni íńtà-háòsì máa ń bọ́ sí. Nítorí náà, sáà kìíní ni kí ẹ fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹranko sí, pàápàá nítorí pé ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2007. Wọ́n mú ọjọ́ yẹn nítorí pé ọjọ́ náà ní 1895 ni Louis Pasteur kú, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn náà. Ní àkókò yìí, àwọn dókítà ẹranko a máa fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú ní oríṣiríṣi àdúgbò, iṣẹ́ a sì pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Tí sáà kejì bá dé, ẹ dín in kù sí Sátidé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì dá a dúró pátápátá ní ọ̀sẹ̀ ìdíje.

Ẹ sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá yín kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi kò sọ, ohun tí ó sì dùn ún kì í ṣe pé mo lọ tọ́jú ajá, bí kò ṣe pé àwọn mẹ́ta yòókù dúró sórí pápá fún wákàtí kan, wọn kò rí ẹni tí wọn yóò fún ní ọ̀pá.

Ibi tí ẹ ó ti rí iṣẹ́

Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko, ó sì ní ilé ìwòsàn ẹranko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́. Yunifásítì ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà ní tirẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ní dókítà ẹranko. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ilé-ìwé bá yín fọwọ́ sí i, kí òbí yín sì fọwọ́ sí i, kí ẹ wá mú olùkọ́ kan tàbí àgbàlagbà kan lọ́wọ́ lọ. Ẹ má retí pé wọn yóò gbé ajá lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni fífọ abọ́ omi, gbígbé kúlà, àti kíkọ orúkọ sórí káàdì. Mo rò pé wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo tó rí i pé káàdì tí wọ́n kọ dáadáa ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó wà pé ajá kan ti gba abẹ́rẹ́, àti pé ní ọjọ́ tí ajá bá bu ọmọdé jẹ, káàdì yẹn ni gbogbo ènìyàn yóò máa wá kiri.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ajá

Ajá ni ó ń kó dìgbòlugi ran ọmọ ènìyàn jù lọ: gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nínú ènìyàn 100 tí ó bá kó àrùn náà, ó lè tó 99 tí ó jẹ́ láti ara ajá. Inú itọ́ ni ó wà, ó sì ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ekukáká ni onítọ̀hún fi lè yè é, ṣùgbọ́n kí àmì tó hàn, abẹ́rẹ́ lè gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ajá bá sì bù yín jẹ, tàbí tí èékánná rẹ̀ bá họ yín, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí a ti rò lọ, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pupa, ata tàbí ewé kankan sí i. Ẹ má sì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rù pé wọn kò ní jẹ́ kí ẹ padà lọ mọ́.

Bí a ṣe ń dúró lọ́dọ̀ ajá

Ibí yìí ni eléré ìje ti gbọ́dọ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tuntun. Lórí pápá, bí ìbọn bá ti dún, ara a fò sókè láìdúró de ọgbọ́n orí. Lọ́dọ̀ ajá, ohun tí ó bá sáré ni ohun tí ó yẹ kí a lé. Tí ajá bá gbó mọ́ yín, ẹ dúró gbọnyin, ẹ jẹ́ kí apá yín wálẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ ojú sí i dípò kí ẹ kọ àyà sí i, ẹ má tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá a gbóòórùn ẹni, wọn a sì lọ. Tí ó bá bì yín ṣubú, ẹ ká ara yín jọ bí ìgbín, kí ẹ fi ọwọ́ bo ọrùn àti etí.

Ẹ kọ́ láti máa ka ara ajá bí a ti ń ka ara ẹni tí a ń bá díje. Ajá tí ó ń lá ètè láìsí oúnjẹ, tí ó ń yán láìsí oorun, tí ó ká ìrù sábẹ́, tí ẹyinjú rẹ̀ sì ń fi funfun hàn, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Kì í ṣe gbogbo ìrù tí ó ń mì ni ìrù ọ̀rẹ́: ìrù tí ó le, tí ó dúró sókè, tí ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ jìnnà sí i. Kíkùn tí ajá ń kùn kì í ṣe ìwà búburú. Ìkìlọ̀ ni, ajá tí wọ́n bá sì ń na nítorí pé ó kùn yóò kọ́ láti buni jẹ láìkìlọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ajá tí olówó rẹ̀ ti fún yín láyè, ẹ má gba òkè orí rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn tàbí àyà.

Olówó ajá náà gba sùúrù. Bàbá kan mú ajá ńlá kan wá, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó, ó ní, "Ọmọ mi, Bingo kì í bu ènìyàn jẹ." Dókítà wa dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, bàbá. Kò lè bù yín jẹ, ẹ̀yin ló ń fún un lóúnjẹ. Ẹ bá wa mú orí rẹ̀ mọ́ra, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀." Bàbá náà tẹ̀ síwájú, ó gbá orí ajá mọ́ àyà, ó ń kì í, abẹ́rẹ́ sì ti wọlé kí Bingo tó mọ̀. (Ìdajì ajá àdúgbò wa ni ó ń jẹ́ Bingo. Ẹ gbé orúkọ náà kígbe níbi tí ajá mẹ́wàá bá wà, kí ẹ wo iye orí tí yóò yíjú. Ìyá ọlọ́jà kan nìkan ni ó fún mi ní ojúlówó orúkọ ajá bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́: ó ní kí n kọ "Tọ́jú-Tìẹ", ó sì wo ọ̀nà ilé ẹni tí ó kọjú sí tirẹ̀ bí ó ti ń pè é. N kò béèrè ìtàn.)

Ohun tí rìléè fi kọ́ mi nídìí tábìlì

Nínú eré 4×100, mítà 30 ni àyè tí wọ́n fún ẹni méjì láti gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ó ń gbà á kì í wẹ̀yìn. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ṣáájú, ó ti fi àmì sílẹ̀, bí ẹni tí ó ń bọ̀ bá ti tẹ àmì náà, ó ti gbéra, tí ó bá gbọ́ "Gbà!", a na ọwọ́ sẹ́yìn, ọ̀pá a bọ́ sí i. Èyí tí ó ń fúnni kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kejì ti fún un mọ́wọ́. Páìpù omi tí wọ́n gé ni tiwa, ó sì máa ń yọ̀ tí òógùn bá kàn án.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tábìlì abẹ́rẹ́ rí. Ẹnì kan ń gba orúkọ olówó ajá, ẹnì kan wà nídìí kúlà, dókítà ń fún ajá ní abẹ́rẹ́, ẹnì kan ń kọ káàdì. Oògùn náà gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n otútù 2 sí 8 °C, kò sì gbọdọ̀ dì, nítorí náà ẹni tí ó wà nídìí kúlà kò gbọdọ̀ máa ṣí i kí ó máa wò ó bí ẹni tí ó ń wá ẹran nínú ìkòkò. Ìgò tí a bá nílò nìkan ni kí ó yọ, kí ó sọ ọ́ lẹ́nu pé òun ti fi lé dókítà lọ́wọ́, kí ó dúró títí dókítà yóò fi dáhùn, kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe "Gbà!" sí ara wa nídìí tábìlì ni ìlà ajá tó yá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Dókítà fúnra rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́ sínú àpótí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Ara yín àti ara ẹranko

Ẹ má lọ síbi ẹranko ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìdánrawò líle, nítorí ẹni tí ó ti rẹ̀ kì í lè fiyè sílẹ̀. Tí iṣan ẹ̀yìn itan bá já tàbí tí ó ro yín, tábìlì káàdì ni ìjókòó yín. Èmi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ ní SS 3, ara mi sì yá láìsí pé mo jókòó sílé kí n máa ka òrùlé. Ẹ ya bàtà iṣẹ́ ẹranko sọ́tọ̀ kúrò lára bàtà eré. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ wo ẹsẹ̀ àti etí ṣòkòtò yín fún eégbọn, tí ẹ bá sì rí làpálàpá lára, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ajá àti ológbò lè kó irú rẹ̀ ran ènìyàn.

Àwọn kan yóò fẹ́ mú ajá sáré pẹ̀lú wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtùkùtù ni. Ajá kì í làágùn bí tiwa; ahọ́n tí ó yọ síta tí ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì. Tí ọwọ́ yín kò bá lè dúró níbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ajá tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó kò gbọdọ̀ bá yín sá eré gígùn.

Ẹ ó rí ikú pẹ̀lú. Wọ́n gbé ewúrẹ́ kan tí ọ̀kadà kọlù wá bá wa, kò dé alẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sá eré tí ó burú jù lọ nínú ìdánrawò, mo sì rò pé n kò lókun mọ́. Ìgbà tí mo sọ fún olùkọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ní kí n rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin láìsáré, òun náà sì bá mi rìn.

Ní alẹ́ Fráídè, ẹ di báàgì yín: bàtà kejì, ṣòkòtò gígùn, ọṣẹ, omi tí ó tó yín mu àti èyí tí ẹ ó fi fọ ọwọ́, bírò méjì, fìlà, lẹ́tà tí òbí fọwọ́ sí, àti àkísà kan. Tèmi ni ṣòkòtò eré tí ajá ya létí lọ́jọ́sí. Mo gé e sí méjì, òun ni mo fi ń nu bàtà.