Nígbà Tí Àwòrán Ultrasound Kò Bá Bá Ipò Aláìsàn Mu: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́ Pàjáwìrì

Ìbéèrè: Bí àwọn tó fara pa bá pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, ṣé ẹ̀rọ ultrasound àfọwọ́gbé (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara) ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé lé wọn lára?

Ìdáhùn: Rárá. Ojú, etí àti ọwọ́ ni a fi ń ṣe ìyàsọ́tọ̀ àkọ́kọ́: ǹjẹ́ ẹni náà lè rìn, ǹjẹ́ ó ń mí, ǹjẹ́ èémí rẹ̀ ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ǹjẹ́ ó lè ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe? Ẹ̀yìn èyí ni ultrasound kàn, fún àwọn tí a kò lè fi ojú lásán mọ bí ọ̀ràn wọn ṣe le tó. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní Armenia ní 1988, àwọn dókítà fi ultrasound yẹ 400 ènìyàn wò láàárín wákàtí 72, ó sì ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe láàárín àwókù ilé. Ìṣẹ́jú 4 ti pọ̀ jù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá a dì í.

Ìbéèrè: Àwòrán wa kò hàn dáadáa. Kí ni kí a yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ ti kan ara, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ láàárín wọn ti tó láti ba àwòrán jẹ́. Bí jẹ́ẹ̀lì bá tán, omi lásán ṣeé lò fúngbà díẹ̀. Bí oòrùn bá ń ta sójú ẹ̀rọ, ẹ fi aṣọ ṣíji bò ó kí ẹ tó fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán, torí pé ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù lè sọ ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dúdú di eléérú, kí ojú sì fò ó. Bí awọ bá ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka yín, afẹ́fẹ́ ti wọ abẹ́ rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí ẹ̀rọ tí àwòrán ibẹ̀ yóò fi mọ́, àmì náà fúnra rẹ̀ sì ti tó láti fura pé ẹ̀dọ̀fóró ti fara pa.

Ìbéèrè: A kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ikùn, síbẹ̀ ipò aláìsàn ń burú sí i. Èwo ni kí a gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Aláìsàn ni kí ẹ gbà gbọ́. Kò sí àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí tó kí a rí àwòrán tó mọ́, kí a sì sún ènìyàn sẹ́yìn nítorí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dá jọ ni ultrasound ń fi hàn. Èyí tí kò tíì pọ̀ lè má hàn rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń dà sẹ́yìn ikùn láti ara egungun ìbàdí tó fọ́, ìfun tó lu pàápàá sì lè sá pamọ́.

Nítorí náà, ẹ tún ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: àárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọ̀tún, àyíká spleen (ẹ̀yà ara tó wà lókè ikùn lápá òsì), ẹ̀yìn àpò ìtọ̀, àti àyíká ọkàn. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ má ṣe dáwọ́ wíwò dúró títí ẹ ó fi rí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sábà máa ń ti kọ́kọ́ hàn. Lọ́wọ́ òsì, ẹ wo òkè spleen pẹ̀lú, ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wo ìsàlẹ̀ ikùn kí wọ́n tó fa ìtọ̀ jáde, nítorí àpò ìtọ̀ tó ṣófo kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sókè àyà. Ìlà funfun tó wà lábẹ́ egungun ìhà yẹ kí ó máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí aláìsàn ṣe ń mí, bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Bí kò bá mira, afẹ́fẹ́ lè ti há sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti àyà, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé rọ́bà èémí tí wọ́n fi sí i lọ́nà ọ̀fun ti wọlé jù, sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ kọ aago àti ohun tí ẹ rí sára káàdì aláìsàn, kí ẹ sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́, tàbí kíákíá tí ipò rẹ̀ bá yí padà.

Ìbéèrè: Bí a bá rí omi tó hàn ní dúdú nínú àwòrán ikùn ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti wálẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ darí rẹ̀ sí láìfi falẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ rántí pé àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ti pẹ́ náà ń fi omi sínú ikùn.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹ̀rọ kan ṣe lè tó fún gbogbo wọn?

Ìdáhùn: Ẹ máa pa á láàárín aláìsàn kan sí èkejì kí bátìrì má baà tètè tán, kí ẹ sì fi apakòkòrò tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí nù ún lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí apakòkòrò tó ní ọtí (alcohol) nínú lè ba orí àwọn ẹ̀rọ kan jẹ́.