Kòtò Òjò Kì Í Ṣe Adágún: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ewéko Etí Omi ní Àkúrẹ́

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé mi ní Ọba-Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wú ilẹ̀ àgbàlá tán kí n tó gbẹ́ kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú rẹ̀, kí omi lè dúró díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mu ún. Òṣíbàtà ni mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ó tutù yọ̀yọ̀. Òjò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ní oṣù kẹjọ, ó gbẹ, ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o dànù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Inú adágún ni ilé òṣíbàtà. Kòtò òjò, ní tirẹ̀, gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nítorí náà ohun tí ẹ máa gbìn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da omi lónìí, kó tún fara da òùngbẹ lọ́túnla. Tètèrègún ń ṣe é débì kan bí ibẹ̀ bá ní ìbòòji. Ẹ gé pòpórò rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á ta gbòǹgbò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn a sì wá ibi tí omi ti ń rogún tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn gbẹ́. Kò yẹ rárá! Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mu omi ni omi ṣe ń rogún. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ pọn omi kún un, ẹ lọ sùn. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn. Ẹyin ẹ̀fọn ń lò tó bí ọjọ́ 7 sí 10 kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò, kòtò tó gbẹ lọ́jọ́ méjì kò ní fún un láyè. Aládùúgbò mi tó ń pariwo pé ẹ̀fọn ni mò ń sìn kò rí táyà olómi tó wà lẹ́yìn ilé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí kòtò náà fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kó sì jìnnà sí sókàwéè àti kànga.

Ní ti adágún gan-an, bí ẹnì kan bá fún yín ní ewé olódòdó aláwọ̀ èsè àlùkò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà. Water hyacinth ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n rí i lórí omi wa lápá Badagry. Ẹ bi àwọn apẹja Ìlàjẹ bí ọkọ̀ wọn ṣe ń há sínú rẹ̀. Àní ojú oró tí a mọ̀ pé ó ń lékè omi, ẹ má jẹ́ kó lékè gbogbo adágún yín. Bó bá bo ojú omi pátápátá, atẹ́gùn inú omi á dín kù. Àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè mí, epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń kó o títí ìdajì ojú omi á fi hàn, orí ààtàn ni mo sì ń kó o sí, kì í ṣe inú Odò Àlà.

Ewé mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Abẹ́ igi ni. Abẹ́ kòkó ló ti ń hù dáadáa lọ́dọ̀ wa, oòrùn gangan máa ń jó o.

Ẹ má sì gbin nǹkan kan lóṣù Kejìlá torí pé ẹ ráyè nígbà Kérésì. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni, kí gbòǹgbò lè rìn kí ọyẹ́ tó dé.

Òṣíbàtà mi tuntun wà nínú ike ńlá báyìí, pẹ̀lú epìyà mẹ́ta tó ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn kó tó hùyẹ́.