Bí a ṣe ń bá Olúwa rìn nígbà tí ojú kò rí nǹkan

Kí ẹ tó ka èyí síwájú, tí dókítà bá ti fún yín ní oògùn ojú, ẹ lọ kán an ná.

Gílákómà, àrùn ojú kan, ló mú ojú òsì mi lọ. Kì í sábà dunni. Omi inú ojú á máa fún iṣan ìríran pa díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìríran á ti máa lọ, ẹni tó ni ín kò sì ní tètè mọ̀. Oògùn kò lè dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Aríran kan ní bí mo bá nígbàgbọ́ lóòótọ́, kí n dá oògùn náà dúró. Mo dá a dúró fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí mo pàdánù lóṣù mẹ́ta yẹn kò padà wá mọ́.

Láfún ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjà Jagun ni mo ti ń tà á, mo sì ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ mú ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo. Tèmi ni 2 Kọ́ríńtì 5:7, tó ní nípa ìgbàgbọ́ ni à ń rìn, kì í ṣe nípa rírí. Bí a ṣe ń ṣe ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Tí a bá bó ẹ̀gẹ́ tán, a ó rì í sómi, a ó dé e, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣí i wò ní wákàtí wákàtí, ẹ̀gẹ́ líle ni yóò máa bá níbẹ̀. Tó bá dọjọ́ tirẹ̀, ìka á wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, a ó wá fún un, a ó sá a sóòrùn. Ẹ kọ́ ẹsẹ yín sórí, ẹ sọ ọ́ sókè láàárọ̀ kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ tún sọ ọ́ lálẹ́. Oṣù kan fún ẹsẹ kan. Àwọn tó ń kó mẹ́wàá pọ̀ nínú kíláàsì mi kì í rántí ọ̀kan lọ́jọ́ ìpọ́njú.

Tí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ má díbọ́n. Nínú Máàkù 8, Jésù fa afọ́jú kan lọ́wọ́ jáde kúrò ní Bẹtisáídà. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀: ọkùnrin náà kò tíì rí ohunkóhun tó fi ń bá Olúwa rìn. Nígbà tí Jésù gbọ́wọ́ lé e tó bi í ohun tó rí, ó ní òun rí ènìyàn bí igi tó ń rìn. Kò pa irọ́ ìwòsàn. Jésù sì tún gbọ́wọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an! Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “Olúwa, bí igi ni mo ṣe rí i lónìí o.”

Ẹni tó ní òun ríran sí yín ńkọ́? Ọlọ́run ń fi nǹkan han ènìyàn, n kò jiyàn rẹ̀. Èlíṣà rí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ iná ní Dótánì nígbà tí ìránṣẹ́ rẹ̀ kò rí i. Ó kọ́kọ́ ní kó má bẹ̀rù, ó wá gbàdúrà kí ojú rẹ̀ là. Kò bú u, kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Aríran tó bá ń kó yín láyà sókè, tó ń tọ́ka sí ìyá ọkọ yín, tàbí tó ní kí ẹ pa oògùn tì, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ máa lọ sílé.

Ọjọ́ mìíràn á wà tí ẹ kò ní lè gbàgbọ́ rárá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ìjọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Tọ́másì, ọmọ ẹ̀yìn Jésù, fi wà láìgbàgbọ́ pé Jésù ti jí dìde, àárín àwọn tó ti rí Olúwa náà ni Olúwa sì ti bá a. Wọn kò lé e. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí dókítà sọ tojú òsì fún mi, orin kò jáde lẹ́nu mi. Àwọn ìyá kíláàsì mi jókòó tì mí lọ́tùn-ún lósì, wọ́n kọ ọ́ fún mi.

Lálẹ́ òní, ẹ ka Jòhánù 20, láti ẹsẹ 24 dé 29. Tí ojú kò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan kà á sókè, kí ẹ dì í lọ́wọ́ mú bó ṣe ń kà.