Nígbà tí ọmọ tó ní ọ́tísìmù bá ń já dírípù: ìtọ́nisọ́nà fún nọ́ọ̀sì àti òbí ní wọ́ọ̀dù ọmọdé

Ohun tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù ọmọdé ni pé bí ọmọ bá kọ abẹ́rẹ́, a ó pe ènìyàn mẹ́rin, ẹnì kan á di orí mú, ẹnì kan á di apá mú, àwọn méjì yòókù á mú ẹsẹ̀, a ó sì ní kí ìyá rẹ̀ bọ́ síta. Ọ̀pọ̀ ọmọ lè gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìyípadà lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù, kì í sábà gbàgbé. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti oògùn bọ̀, igbe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìtọ́jú ọjọ́ kẹta rọrùn, ọjọ́ tí ọmọ dé ni kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jókòó ti òbí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì, níbi tí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ alẹ́ yóò ti rí i. Báwo ni ọmọ yìí ṣe ń sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun? Kí ló máa ń ṣe bí nǹkan bá ń dùn ún? Ariwo wo ni kò lè fara dà? Ibo lára rẹ̀ ni kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn? Kí ló ń jẹ, inú abọ́ wo ló sì ti ń jẹ ẹ́? Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa rí tó ń da oúnjẹ nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé alágídí ni, kí ìyá ìyá rẹ̀ tó dé tó sọ fún wa pé ọmọ náà kì í jẹ òkèlè tí ẹlòmíràn bá ti bu ọbẹ̀ lé lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú òkèlè lọ bá ọbẹ̀. Màmá bu ẹ̀bà sínú abọ́ kan, wọ́n bu ewédú sínú òmíràn, wọ́n fi àyè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sáàárín méjèèjì. Ọmọ jẹun tán, kò wí nǹkan kan.

Bí ìwà ọmọ bá yí padà lójijì, ìrora ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè fẹnu sọ ibi tó ń dùn wọ́n, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ara ń ro wọ́n. Eyín tó kẹ̀, etí tó ń ṣọyún, tàbí ìgbẹ́ tó há sínú fún ọjọ́ mẹ́rin lè mú kí ọmọ máa forí gbá ògiri tàbí kó máa gé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ ikùn rẹ̀, ẹ sì béèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Òdiwọ̀n FLACC, tó ń wo ojú, ẹsẹ̀, ìṣesí ara, ẹkún àti bí ọmọ ṣe ń gba ìpẹ̀, tó sì ń fún ìrora ní máàkì láti 0 dé 10, wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kí òbí kọ́kọ́ sọ àmì tí ọmọ tirẹ̀ máa ń fi hàn, kí a sì fi kún un.

Ní ọdún 1943, nígbà tí Leo Kanner, dókítà àrùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tó ní ọ́tísìmù tó yẹ̀ wò ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í fẹ́ kí nǹkan yí padà rárá. Wọ́ọ̀dù sì rèé, ibi tí ohun gbogbo ti ń yí padà ní wákàtí wákàtí. Ẹ fún ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀dì igun, tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan náà máa tọ́jú rẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Nígbà tí àwọn dókítà bá ń yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀, ènìyàn méjì tó láti súnmọ́ ọn. Kí àwọn yòókù dúró lókèèrè.

Ní ti abẹ́rẹ́, ẹ má parọ́ pé kò ní dùn ún. Bí ìpara tó ń pa ara kú bá wà, ẹ fi pa á ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ fi àwòrán méjì hàn án, ti abẹ́rẹ́ àti ti ohun tó fẹ́ràn, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ṣókí: “Abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà fóònù.” Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́ létí. Yàrá mìíràn ni kí ẹ ti gún un, kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè máa jẹ́ ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá máa gbà, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ tí kò fi ń jẹun ni kí dírípù wà. Ẹ fi báńdéèjì wé e, kí ẹ sì fi aṣọ alápá gígùn bò ó, torí ohun tí ojú ọmọ kò bá rí, ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá a.

Bí ìjì bá ti jà, tí ọmọ ń ké, tó ń jà, tí kò gbọ́ ìpẹ̀ mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí àwọn yòókù kúrò níbẹ̀, kí wọ́n gbé àlùmọ́gàjí àti irin dírípù jìnnà. Bó bá ń forí gbá nǹkan, ẹ fi ìrọ̀rí sí i láàárín. Àyàfi bó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe ni kí ẹ dì í mú, kó má sì pẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀ láé, ẹ ò sì gbọdọ̀ tẹ àyà tàbí ọrùn rẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú sílẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tí àwa náà ṣe tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin kan máa ń fa dírípù yọ ní agogo mẹ́fà ìdájí lójoojúmọ́. Ìwé tí a kọ ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìgbà tí olùgbálẹ̀ bá tan gbogbo iná lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Oògùn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Lóòótọ́, láti ọdún 2006 ni àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí risperidone, oògùn kan tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, fún ìbínú líle nínú àwọn ọmọ ọdún 5 sí 16 tó ní ọ́tísìmù, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ọmọ sanra, kì í sì í ṣe ohun tí a ń lò kí wọ́ọ̀dù lè dákẹ́. Oògùn oorun pàápàá lè ta àwọn ọmọ kan jí, kí wọ́n máa sáré kiri. Dókítà ló gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti wá ìrora tì.

Ẹ má gbàgbé ìyá. Àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀dì á máa sọ pé òun ló kẹ́ ọmọ bà jẹ́, tàbí pé kó gbé e lọ sílé àdúrà. Nọ́ọ̀sì ló yẹ kó dá wọn lẹ́kun, kó sì rí i pé ìyá náà rí ẹni gbà á sílẹ̀ kó lè sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé, ẹ jẹ́ kó fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ inú fáìlì yẹn, kó má bàa tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù mìíràn lóru.