Bí a ṣe lè ṣí full node Bitcoin lórí laptop tí àyè inú rẹ̀ ò pọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Asherifa tàbí Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ ló mọ Bitcoin dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní node tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń yẹ gbogbo ìfowóránṣẹ́ Bitcoin wò fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé àyè ò sí. Wọn ò parọ́. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kíní ọdún 2009, tí Satoshi Nakamoto, ẹni tó dá Bitcoin sílẹ̀, ti ṣe búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ (búlọ́ọ̀kù ni àkójọ ìfowóránṣẹ́), ni gbogbo Bitcoin tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ ti ń wọnú ìwé ìṣirò kan ṣoṣo, ìwé náà sì ti lé ní 600 GB báyìí. Bẹ́ẹ̀, laptop tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń rà ní Lagere, 256 GB ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, Windows àti iṣẹ́ ilé-ìwé á sì ti jẹ púpọ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, laptop yẹn tó. Àyè ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, òun ló sì rọrùn jù láti yanjú. Dátà àti iná ló yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún, nítorí náà orí wọn ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ohun tí prune ń ṣe

Bitcoin Core, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣí node, ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní prune láti ọdún 2015. Node yín á ka gbogbo búlọ́ọ̀kù láti orí àkọ́kọ́. Á yẹ ìbuwọ́lùwé wò (àwọn tó ti pẹ́ ni kì í tún yẹ̀ wò, àfi tí ẹ bá kọ `assumevalid=0` sínú bitcoin.conf), á rí i pé ẹnikẹ́ni ò ná owó kan lẹ́ẹ̀mejì, á sì kọ owó tó ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì ná sínú fódà kan tó ń jẹ́ chainstate. Bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń pa búlọ́ọ̀kù àtijọ́ rẹ́. Ìyá oníṣòwò kan lọ́jà Odò-Ògbè tó ti ka gbogbo rìsíìtì ọdún tó kọjá, tó rí i pé wọ́n péye, tó sì ti kọ àṣẹ́kù sínú ìwé rẹ̀, kò ní ìdí tí á fi máa kó àwọn rìsíìtì náà kiri mọ́.

Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, torí àwọn kan máa ń sọ pé node tó ní prune kì í ṣe full node. Irọ́ ni. Gbogbo òfin tí node tí kò ní prune ń yẹ̀ wò, òun náà ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yàtọ̀ pátápátá sí wallet (àpò owó Bitcoin) orí fóònù tó ń gba ohun tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, bá sọ fún un gbọ́.

Àmọ́ àwọn ohun kan wà tí ẹ máa pàdánù. Ẹ ò ní lè wá ìfowóránṣẹ́ àtijọ́ kan jáde bó ṣe wù yín, torí txindex, ìyẹn àtòjọ gbogbo ìfowóránṣẹ́, kò bá prune ṣiṣẹ́ pọ̀. Ètò bíi electrs, tó ń bá wallet wá ìfowóránṣẹ́ jáde, náà kò lè dúró lórí rẹ̀. Ẹ ò ní lè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù àtijọ́, àwọn 288 tó kẹ́yìn nìkan ni node yín ń ṣèlérí pé òun lè fúnni. Tí ẹ bá sì yí ọkàn padà lọ́la pé gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ máa fà á wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Iye tó yẹ kí ẹ fi sí i

Iye tó kéré jù tí Bitcoin Core gbà ni 550, ìyẹn 550 MiB (ó fi díẹ̀ ju 550 MB lọ). Ó tó fún búlọ́ọ̀kù 288, tí í ṣe ti ọjọ́ méjì, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni búlọ́ọ̀kù ń jáde. Àwọn kan máa ń fi 550 yìí yangàn pé node àwọn ò jẹ́ GB kan. Wọ́n gbàgbé chainstate, tó ti lé ní 10 GB fúnra rẹ̀, tí prune kò sì lè dín kù rárá.

Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ fi 10000 sí i, ìyẹn bíi 10 GB. Ó máa tọ́jú búlọ́ọ̀kù bí oṣù kan sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹ bá gbàgbé láti ṣí wallet kan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nígbà tí node ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ ṣì máa rí i bá. Pẹ̀lú 550, tí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá, Bitcoin Core lè sọ pé wallet náà ti pẹ́ ju búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ lọ, àfi kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wá 40 GB tó ṣófo lórí SSD, ọkàn yín á balẹ̀. Hard disk tó ń yí lè ṣe é o, ṣùgbọ́n chainstate máa ń kà tó sì ń kọ láìsinmi, ó máa falẹ̀ débi tí á fi sú yín.

Fífi sórí kọ̀ǹpútà

Orí bitcoincore.org nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ gba fáìlì SHA256SUMS pẹ̀lú, níbi tí àmì ìdánimọ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ kọ `certutil -hashfile`, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì náà, lẹ́yìn náà `SHA256`. Ẹ fi èsì rẹ̀ wé èyí tó wà nínú SHA256SUMS. Tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ má ṣí i.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, ẹ má yára tẹ OK. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn ló ń béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kó fáìlì sí, ó sì ní àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Limit block chain storage to" sí. Ẹ fàmì sí i, ẹ kọ 10 síbẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ lè rí i nínú Settings, lábẹ́ Options, tí wọ́n pè é ní "Prune block storage to". Ibẹ̀ náà ni bọ́tìnnì tó ń ṣí fáìlì bitcoin.conf wà. Tí inú fáìlì yẹn bá lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí, ohun tí ẹ máa kọ nìyí:

prune=10000
dbcache=2000

Ẹ yan ibì kan ṣoṣo tí ẹ máa kọ prune sí, torí ohun tí ẹ bá yàn lójú ìwé Options ló máa borí ohun tó wà nínú bitcoin.conf. Ìlà kejì ń jẹ́ kó lo RAM púpọ̀ nígbà tó bá ń fa búlọ́ọ̀kù, kí ó má baà máa kọ sórí disk ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 8 GB ni mo sọ ọ́ fún. Tó bá jẹ́ 4 GB, ẹ má fi sí i rárá.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi: tí ẹ bá ní wallet Bitcoin Core àtijọ́ kan, báyìí ni kí ẹ ṣí i. Node yín máa wò ó mọ́ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó bá parí, àwọn búlọ́ọ̀kù tí owó yẹn wà nínú rẹ̀ á ti lọ, ẹ ò sì ní rí i.

Ọ̀rọ̀ dátà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já sí kòtò. Prune kò dín dátà kù. 600 GB tó lé yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá ló máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì yín wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pa á rẹ́ bó ṣe ń lọ. Pẹ̀lú iye tí a ń ra dátà, owó tó lè ra laptop mìíràn lè bá a lọ.

Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí ẹ wá ẹnì kan tó ti ní node tí kò ní prune, tó sì ti fà á débi tó yẹ. Tí ẹnì kan bá ní i ní Modákẹ́kẹ́, ẹ gbé laptop yín lọ bá a. Ẹ fi okùn so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ router kan, tàbí kí ẹ jọ wà lórí hotspot kan náà. Kí ọ̀rẹ́ yín kọ `ipconfig` sínú Command Prompt tirẹ̀, á rí nọ́ńbà kan tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Tí ó bá jẹ́ 192.168.1.5, ẹ kọ ìlà yìí kún bitcoin.conf tiyín:

connect=192.168.1.5

Ẹ pa Bitcoin Core, kí ẹ tún un ṣí. Láti ìsinsìnyí lọ, inú ilé yẹn ni gbogbo búlọ́ọ̀kù ti ń wá, kò kan dátà ẹnikẹ́ni. Tí kò bá rí i, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín wo firewall rẹ̀ (ètò tó ń dènà àjèjì) bóyá ó gba port 8333, ẹnu ọ̀nà tí Bitcoin ń gbà, láàyè. Okùn yá ju Wi-Fi lọ púpọ̀, ẹ wá a bí ẹ bá lè rí i.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí ènìyàn kàn ṣe àdàkọ fódà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ ò gbà á gbọ́ nínú ohunkóhun. Tí ẹ bá ṣe àdàkọ chainstate rẹ̀, ìṣirò tirẹ̀ lẹ gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń fà á yìí, node yín ló ń yẹ gbogbo búlọ́ọ̀kù wò fúnra rẹ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè dọ́gbọ́n ki owó ayédèrú bọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó dá nìkan so mọ́ yín lè ṣe ni kí ó fi búlọ́ọ̀kù tuntun pamọ́ fún yín. Nítorí náà, gbàrà tó bá ti parí, ẹ yọ ìlà connect yẹn kúrò, kí node yín lè bá àwọn mìíràn káàkiri ayé sọ̀rọ̀.

Tí kò bá sí ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè máa fà á díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú dátà òru. Ibi tó bá dúró sí ló máa ti tẹ̀síwájú. Àwọn kan á ní kí ẹ lo snapshot, ìyẹn àdàkọ chainstate tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, èyí tí Bitcoin Core 28.0 gbà láàyè láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti búlọ́ọ̀kù 840,000. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ lo node rẹ̀ kíákíá, àmọ́ ó ṣì máa fa gbogbo ìyókù wálẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kò dín dátà kankan kù.

Ọ̀rọ̀ iná

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Tí iná bá lọ lójijì nígbà tí node ń kọ nǹkan sínú chainstate, ó lè bàjẹ́. Ẹni tó ní gbogbo búlọ́ọ̀kù lè fi `-reindex-chainstate` tún un kọ láti inú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ò lè ṣe é: Bitcoin Core ò gbà á fún ẹni tó ń lo prune, torí àwọn búlọ́ọ̀kù náà ò sí mọ́. Ó di kí ẹ tún 600 GB fà.

Nítorí náà, tí bátìrì laptop yín kò bá lè gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí desktop tí kò ní inverter tàbí UPS. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ pa Bitcoin Core fúnra yín, kí ẹ sì dúró. Fèrèsé kékeré kan máa yọ, tí á ní kí ẹ má pa kọ̀ǹpútà títí òun fi máa pòórá. Ó lè pẹ́ díẹ̀, pàápàá tí dbcache bá tóbi, torí ohun tó wà nínú RAM ló ń kó sórí disk. Ẹ má fi tipátipá pa á.

Lọ́jọ́ tó bá parí, ẹ pa Bitcoin Core dáadáa, kí ẹ ṣe àdàkọ fódà blocks àti chainstate sórí disk ìta kan. Gbogbo rẹ̀ ò ní ju 25 GB lọ tó bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ dá méjèèjì padà pọ̀, oṣù méjì yẹn nìkan lẹ máa fà. Ẹ tọ́jú àdàkọ wallet yín síbòmíràn, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ èyí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣeé ṣe

Nínú Bitcoin Core, ẹ lọ sí Window, kí ẹ ṣí Console, kí ẹ kọ `getblockchaininfo`. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `"pruned": true`. `size_on_disk` máa sọ ìwọ̀n tí àwọn fáìlì búlọ́ọ̀kù gbà, kò sì yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju iye tí ẹ fi sí i lọ. `pruneheight` ni búlọ́ọ̀kù tó pẹ́ jù tó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tí `initialblockdownload` bá ti di `false`, ó ti dé ibi tí ayé wà nìyẹn. Ẹ yọ dbcache kúrò nígbà náà kí RAM yín lè sinmi.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe prune, tó ní disk ìta 2 TB, lè tọ́jú gbogbo búlọ́ọ̀kù sórí ẹ, kí chainstate sì wà lórí SSD inú laptop. Ìlà `blocksdir=` ló ń ṣe ìyẹn. 

Láti ìgbà yẹn lọ, búlọ́ọ̀kù tuntun máa ń jẹ dátà tó lé ní 200 MB lójúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ dín ìyókù kù, ẹ kọ `maxuploadtarget=500` sínú bitcoin.conf kí ó lè máa gbìyànjú láti má fi dátà yín ránṣẹ́ kọjá 500 MB lójúmọ́. `blocksonly=1` náà wà, tí kì í jẹ́ kó gba ìfowóránṣẹ́ tí kò tíì wọ búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ láti inú node yín, torí tó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó so mọ́ yín lè mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ni owó náà.