Bí A Ṣe Lè Sọ Òkú Sítábílásà Di Tíránsífọ́mà Tí A Ń Fọwọ́ Yí

Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ adìyẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láago méje alẹ́. Gbogbo àdúgbò ti tan iná, gílóòbù tó ń mú ilé ọmọ adìyẹ gbóná á kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì ti di 160. Ẹ̀rọ amúgbóná tó ń lo irin gbígbóná kì í mú ju nǹkan bí ìdajì ooru rẹ̀ wá mọ́ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ooru bíi 32 sí 35 Sẹ́lṣíọ̀sì ni ọmọ adìyẹ ọ̀sẹ̀ kìíní ń fẹ́. Òtútù á mú wọn, wọ́n á gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú.

Sítábílásà tuntun, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó lọ sílẹ̀ ga, wọ́n. Èyí tó ti kú lẹ́yìn ilé ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀dù rẹ̀ tàbí àwọn rílè tó máa ń dún ká-ká ló jóná, wáyà bàbà inú tíránsífọ́mà wà níbẹ̀ digbí. Òun la fẹ́ lò. Ẹ má fọwọ́ kan ti inú máíkírówéèfù o: nǹkan bí 2,000 fóòtì ló ń ti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jáde. Bí ẹ kò bá sì tíì fọwọ́ ara yín so sọ́kẹ́ẹ̀tì rí, ẹ pe oníwáyà, kí ẹ jókòó tì í.

Ẹ kọ́kọ́ mọ wáyà yín

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ tú àwọn wáyà tó ti ara tíránsífọ́mà wá kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi téépù sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tín-ín-rín méjì tó ń bọ́ bọ́ọ̀dù nìkan, ẹ dì wọ́n lórí, kí ẹ pa wọ́n tì. Nínú àwọn tó nípọn, ẹ fi mítà wá méjì tí òǹkà òómù àárín wọn ga jù: àwọn ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Èyí tí òǹkà òómù rẹ̀ sí àwọn yòókù ga jù ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ niútírà. Kí láìfù gba inú gílóòbù olókùn 100 wáàtì (irú àtijọ́ tí irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ń pọ́n) kó tó dé òpin. Gílóòbù ni yóò sọ òtítọ́ fún yín: bí ó bá pọ́n díẹ̀ tàbí tí kò tàn rárá, tíránsífọ́mà yè. Bí ó bá tàn gbòò, ó ti jóná nínú, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra bàbà.

Ẹ wá wọn fóòtì wáyà kọ̀ọ̀kan sí ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀kan tí mo tú, òpin mú 225, àwọn yòókù mú 195, 170 àti 145. Láti òpin la ti máa mú iná jáde nígbà gbogbo; ibi tí iná ń gbà wọlé là ń yí. Bí 160 bá gba ẹnu 170 wọlé, nǹkan bí 212 ló máa jáde. Bí ó bá gba òpin gan-an wọlé, bó ṣe wọlé ló ṣe máa jáde. Mo fi 145 sílẹ̀ láìlò. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Súwíìṣì

Níbí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Súwíìṣì ayíbírí ni yóò máa yan ẹnu tí láìfù ń gbà wọlé; èyí tó dára gbọ́dọ̀ fi ibi kan sílẹ̀ pátápátá kó tó kan èkejì. Bí ó bá kan méjèèjì pọ̀, ó ti so 195 pọ̀ mọ́ 170 nìyẹn, èéfín ló kù. Ẹ fi mítà tó ń dún dán an wò: ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ohùn gbọ́dọ̀ dákẹ́ láàárín ẹnu méjì. Ti régúlétọ̀ fáànù kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó wà lára sítábílásà afọwọ́yí àtijọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ pa gílóòbù inú ilé adìyẹ kí ẹ tó yí i.

Ẹ fi fíùsì 5 ámpù sí ẹnu láìfù tó ń wọlé, kí ẹ so ẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí irin tí tíránsífọ́mà wà nínú rẹ̀. Niútírà gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti ibi tó ti wọlé dé ibi tó ti ń jáde. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ lò, kí láìfù àti niútírà má baà pààrọ̀ ipò, nítorí irú tíránsífọ́mà yìí kò ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìta. Bí wọ́n bá kọ 1,000 sára sítábílásà náà, ẹ má gbé ju 500 wáàtì lé e. Ẹ má fi fírísà sí i. Ibi tó bá ti ń gbéra ló ti ń fa iná jù.

Nígbà tí iná bá padà wá

Tẹlifíṣọ̀n kan ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo yí i sí ibi tó lágbára jù nírọ̀lẹ́, mo lọ sùn. Láàárín òru, iná padà sí 230, a kàn gbọ́ pòó! Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 230 tó gba ẹnu 170 wọlé á jáde ní nǹkan bí 304. Tó bá jẹ́ ẹnu 145 ni, ó ti kọjá 350.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń gé iná bí ó bá ti pọ̀jù, kí ẹ fi sí ojú ibi tí iná ti ń jáde. Ẹ so mítà fóòtì mọ́ ògiri níbi tí ojú yín ti lè tètè rí i. Ẹni tó bá kẹ́yìn wọlé sùn ni kó dá súwíìṣì padà sí òpin, kó sì gbé ìkòkò èédú tó ti jó dáadáa sún mọ́ ilé ọmọ adìyẹ, níta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Tíránsífọ́mà fúnra rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń sùn lé.